Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n gbéra lọ sí Kánádà: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ẹrù mi wò

Ọmọ Òkè-Àdó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lókè òkun. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ni bàálù mi yóò gbéra ní Ìkẹjà, tí n ó sì lọ kàwé fún ọdún méjì ní Winnipeg, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. N kò jáde kúrò ní Nàìjíríà rí. Àpótí méjì ni wọ́n gbà mí láyè láti gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju kílò 23 lọ, pẹ̀lú báàgì kékeré kan tí n ó gbé dání, tí kò gbọdọ̀ ju kílò 7 lọ.

Ìyá mi ti ra ẹ̀lúbọ́, gàrí, ẹja gbígbẹ, ègúsí, irú, ata gígún, pọ̀nmọ́ gbígbẹ àti epo pupa gálọ́ọ̀nù kan. Gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀ pálọ̀ báyìí, n kò sì mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ásímà, mo sì máa ń lo oògùn tí à ń fà símú. Yàtọ̀ sí èyí, èmi nìkan ni ọmọ tó kù nílé pẹ̀lú ìyá mi, tí àwọn náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà mo fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí n tò sílẹ̀ fún wọn kí n tó lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ fún mi.

Ará Winnipeg:

Àbúrò mi, o kú ìmúra. Kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀lúbọ́ rárá, báàgì tí o máa gbé dání ni kí o kọ́kọ́ tò, torí pé òun nìkan ni ó dá ọ lójú pé ẹ jọ máa dé. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni èmi wọ ìlú yìí. Àpótí mi méjèèjì kò bá mi dé. Odindi ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi wà ní ìlú tí a ti pààrọ̀ bàálù. Inú wọn ni mo kó gbogbo aṣọ òtútù tí mo rà ní Ògùnpa sí, inú wọn náà ni ojúlówó ìwé ẹ̀rí mi wà. Nígbà tí ilẹ̀kùn pápákọ̀ ṣí, tí afẹ́fẹ́ wọlé, ìwọ̀n 27 sísàlẹ̀ òdo ni òtútù wà lọ́jọ́ náà, omi tó ń jáde lójú mi sì di yìnyín sára ìpéǹpéjú mi kí n tó dé ibi tí ọkọ̀ wà. Obìnrin Yorùbá kan tó wá pàdé ọmọ tirẹ̀ ló bọ́ ìborùn rẹ̀ fún mi. N kò fẹ́ kí o wá máa retí irú àánú bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì yẹn ni ìwé ìrìnnà rẹ, lẹ́tà tí ìjọba Kánádà fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìbéèrè rẹ, lẹ́tà ìgbaniwọlé yunifásítì, ẹ̀rí owó tí o fi hàn wọ́n, ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ gbogbo, àdírẹ́sì ibi tí o máa sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà níbẹ̀, oògùn rẹ, kọ̀ǹpútà alágbèéká, aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì, súwẹ́tà tó nípọn kan, fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀. Tẹ gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn sórí ìwé. Fóònù lè kú sí ọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrìn wákàtí 20, òṣìṣẹ́ tó wà lórí káńtà kò sì ní dúró dè ọ́ kí o wá iná.

Jẹ́ kí n tún ṣàlàyé ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀. Pápákọ̀ àkọ́kọ́ tí o bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n ti máa yẹ ìwé rẹ wò, kì í ṣe Winnipeg, àyàfi tó bá jẹ́ pé Winnipeg gan-an ni o kọ́kọ́ sọ̀ sí. Tó bá jẹ́ Toronto ni, ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú ti máa fún ọ ní ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ náà ni wàá ti gbé àpótí rẹ, tí wàá sì tún dá a padà fún wọn kí o tó wọ bàálù kejì. Bí wákàtí tó wà láàrin bàálù méjèèjì kò bá tó mẹ́ta, bá ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ sọ̀rọ̀ lónìí. Kí o tó kúrò níwájú káńtà náà, ka ìwé àṣẹ yẹn: orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ àti ọjọ́ tí ó máa parí. Àṣìṣe tí o bá rí níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n máa tún un ṣe níbẹ̀. Èyí tí o bá gbé jáde, ó di ìwé kíkọ àti oṣù púpọ̀.

Má ṣe ná owó ńlá lórí kóòtù ní Ìbàdàn. Òkìrìkà kan tó nípọn tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàtà yìnyín àti kóòtù gidi wà níbí, àwọn tó ń tà á sì mọ òtútù tí wọ́n ń tà á fún. Fi áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù sílẹ̀ fún ìyá rẹ. Iná tiwa jẹ́ fóltì 230, ti Kánádà jẹ́ 120, ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn náà sì yàtọ̀. Wo ẹ̀yìn ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà rẹ: bí o bá rí 100-240V níbẹ̀, ó máa ṣiṣẹ́, o kàn máa ra ohun tí a fi ń yí ẹnu rẹ̀ padà ni. Páwà báńkì kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù. Ọwọ́ ni kí o gbé e sí.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà:

Ọmọ mi, ire ni wàá bá pàdé lọ́hùn-ún. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń di oúnjẹ fún àwọn arìnrìn-àjò ní ìsọ̀ mi ní ọjà Bódìjà, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ.

Yọ pọ̀nmọ́ yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹran àti awọ ẹran láti ọ̀dọ̀ wa kò gbọdọ̀ wọ Kánádà, ì báà gbẹ, ì báà jẹ́ yíyan. Ṣùyà àti kílíṣí náà wà nínú rẹ̀. Iṣu tútù náà kò bójú mu, nítorí erùpẹ̀ ara rẹ̀. Èyí tó kù, sọ fún wọn pé o gbé oúnjẹ dání nígbà tí wọ́n bá bi ọ́, kí o sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan tí wàá lè fi hàn. Ẹni tó bá sọ òótọ́, ohun tí wọn kò bá fẹ́ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá fi pamọ́, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó dọ́là Kánádà 1,300, orúkọ rẹ̀ á sì wà lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀lúbọ́ ni kí o mójú tó jù. Bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, kí o fún un pọ̀. Bí ó bá di mọ́ra wọn bí òkèlè, omi ṣì wà lára rẹ̀, sá a; bí ó bá ń yọ́ jáde láàrin ìka rẹ bí eruku ọ̀nà, ó ti tó dì. Kù ú, kí o wá gbé e sínú fíríìsà fún ọjọ́ méjì kí ẹyin kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ lè kú. Nígbà tí o bá gbé e jáde, má ṣe tú u títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ padà, kí ó má baà làágùn nínú ọ̀rá. Ọ̀rá méjì-méjì ni kí o fi dì í, ní kílò méjì-méjì, kí o tẹ atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde kí ó lè pẹlẹbẹ bí ìwé, torí pé ohun tó bá pẹlẹbẹ ló ń rí àyè nínú àpótí. Kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sára ọ̀rá náà pẹ̀lú máákà. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò ní orúkọ máa ń fa ìbéèrè, òṣìṣẹ́ tó bá ṣí àpótí rẹ kò sì mọ àmàlà.

Ẹja: ṣẹ́ orí rẹ̀ sọ nù, ibẹ̀ ni ìdin máa ń fara pamọ́ sí. Tún un yan lórí iná pẹ̀lẹ́ títí eegun rẹ̀ yóò fi máa dún pàá bí o bá ṣẹ́ ẹ. Jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí o fi bébà ká a kí o tó fi ọ̀rá wé e. Ẹja tí a bá dì ní gbígbóná, ó máa bu ní ọ̀nà.

Irú wóró ni kí o gbé, má ṣe gbé irú pẹ̀tẹ̀. Fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, sá a títí yóò fi máa dún wóró-wóró nínú àwo, rọ ọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí, kí o wá gbé ìgò náà sínú ọ̀rá méjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí o pín aṣọ àti oúnjẹ sí àpótí méjèèjì, kí ọ̀kan má baà sọnù pẹ̀lú gbogbo aṣọ rẹ. Èmi náà fara mọ́ ọn, àmọ́ irú àti epo kò gbọdọ̀ fara kan aṣọ.

Gálọ́ọ̀nù epo yẹn, ìyá rẹ ni kó máa fi se ọbẹ̀. Lítà kan tó. Má ṣe rọ ọ́ dé ẹnu ìgò. Fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí o tó dé e, fi sẹ́lótéèpù yí ìdérí náà ká lẹ́ẹ̀mẹta, wé e sínú ọ̀rá méjì, kí o wá gbé e dúró sínú ike onídèérí. Epo tó dì gbagidi ní òwúrọ̀ Ìbàdàn yóò ti yọ́ bí omi nígbà tí oòrùn Èkó bá rí i.

Bí àyè bá ṣì wà, mú ẹ̀wà tí a ti bó, tí a sá gbẹ, fún gbẹ̀gìrì, àti ewédú tí a sá lábẹ́ òjìji kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Kò wúwo, òun sì ni ẹnu ọmọ Ìbàdàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Òṣùwọ̀n àfikọ́ wà ní ìsọ̀ mi, n kì í gba owó lórí rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí àpótí kankan ju kílò 22 lọ, torí pé òṣùwọ̀n ilé àti ti pápákọ̀ kì í bára mu.

Nọ́ọ̀sì Yẹmẹtú:

Ẹ kú àárọ̀, arábìnrin. Oògùn tí ẹ ń fà símú gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì àfọwọ́gbé, níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o láìwá a, nítorí afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ, òtútù Winnipeg náà sì lè mú kí èémí yín há lójijì. Ẹ fi ìborùn bo imú àti ẹnu yín nígbà tí ẹ bá ń jáde síta. Kánádà máa ń gba oògùn tí dókítà kọ fún ènìyàn wọlé títí dé ìwọ̀n tó lè lò fún ọjọ́ 90. Ẹ gbé e nínú páálí rẹ̀ gan-an, tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà yín tí yóò sọ orúkọ àìsàn náà àti orúkọ oògùn náà, torí pé orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un níbí lè yàtọ̀ sí ti ọ̀hún. Ẹ má ṣe da oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá.

Nípa yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé a ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú: Kánádà fúnra rẹ̀ kì í béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ tiwa tàbí ní ìlú tí ẹ ti máa pààrọ̀ bàálù. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí a bá gba abẹ́rẹ́ náà ni ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti ọdún 2016 sì ni ó ti jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tí a bá gbà á tó títí ayé. Mo gbàgbọ́ pé ẹ ti gba tiyín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ń lọ. Ibà lè bá ènìyàn rìnrìn-àjò láìmọ̀, kí ó sì wá yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara yín bá gbóná ní oṣù àkọ́kọ́ yín níbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé òtútù ni. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, gbólóhùn tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ sì ni pé Nàìjíríà ni ẹ ti ń bọ̀, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà. Dókítà tí kì í sábà rí ibà lè má ronú kàn án.

Fún ìyá yín, ẹ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù mẹ́ta sílẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí ó máa bàjẹ́ lára páálí, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ àti iye tí wọ́n ń lò lójúmọ́ sára ògiri yàrá wọn. Ẹ bá aládùúgbò kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé sọ̀rọ̀ kí ó máa bá wọn lọ yẹ ìfúnpá wọn wò lóṣooṣù.

Akọ̀wé Báńkì:

Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí àkáǹtì rẹ ni kí o tọ́jú bí ìwé ìrìnnà rẹ. Bí síìmù kan bá lo ọjọ́ 180 láìṣe ohunkóhun tó mú owó wọlé fún ilé iṣẹ́ tó ni ín, wọ́n lè tì í pa. Bí ó bá sì tún lo irú àkókò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá gba nọ́ńbà rẹ, òun ni nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ yóò máa bá lọ. Mo ti jókòó pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fi ìpè òkè òkun sunkún sí mi létí lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí agbára mi kò sì gbé e. Nítorí náà, ní ọ̀la, kí o tó kúrò ní Ìbàdàn, pe ilé iṣẹ́ síìmù rẹ kí wọ́n ṣí i fún ìlò lókè òkun, fi owó sí i, kí o sì máa fi í ránṣẹ́ ọ̀rọ̀ kan ní oṣù méjì-méjì. Má ṣe fi síìmù náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ.

Bí o bá gbé owó òkèèrè dání, tí ó tó dọ́là 10,000, o gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà tí o bá ń jáde àti nígbà tí o bá ń wọlé. N kò tilẹ̀ rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé tó bẹ́ẹ̀.

Fún ìyá rẹ: má ṣe fi káàdì ìgbowó rẹ àti nọ́ńbà àṣírí rẹ sílẹ̀ fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n ní àkáǹtì tiwọn, kí o sì kọ̀wé sí báńkì kí wọ́n máa yọ iye kan láti inú tìrẹ sínú tiwọn lóṣooṣù. Kọ nọ́ńbà mítà iná, orúkọ oníṣẹ́ iná àti ti oníṣẹ́ omi sínú ìwé kan ṣoṣo tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn wọn. Bí ilẹ̀ tàbí ilé bá wà ní orúkọ rẹ, lọ́yà ni kó bá ọ ṣe ìwé àṣẹ fún ẹni tó máa ṣojú rẹ.

Ọmọ Mọ́níyà:

Ẹ wọ rélùwéè ní Mọ́níyà, kí ẹ sì sọ̀ ní Agége. Ìkẹjà kò jìnnà síbẹ̀. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí irin.

Bàbá Ọlọ́kọ̀, Ìwó Road:

Òótọ́ ni ọmọ Mọ́níyà sọ, ọkọ̀ ojú irin dára fún ẹni tó gbé báàgì kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé àpótí méjì àti epo, tó tún máa wá takisí ní Agége, ìyà ni. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kò jìnnà, nǹkan bíi kìlómítà 127 ni. Ibi tó ń pani lára ni láti Mowé dé Ìbàfò, pàápàá ní ìparí ọdún báyìí. Bàálù alẹ́ ni, àwọn ènìyàn á sì máa rò pé kí a kúrò ní aago méjì ọ̀sán. N kì í gbà bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí a ti jáde. Bí táyà bá bẹ́, a ní àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí, a ní àkókò láti dúró. Mo ti rí ọmọ kan tó ń sáré wọ pápákọ̀ nígbà tí wọ́n ti pa káńtà, tí ìyá rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi. N kò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Ọmọ Òkè-Àdó:

Mo kí gbogbo yín pátá, Ọlọ́run á máa pọ́n yín lé. Ọ̀la ni. Mo gbé àpótí lọ sí Bódìjà ní àná, àpótí kìíní jẹ́ kílò 21.8, ìkejì 22.3 lẹ́yìn tí mo yọ bàtà mẹ́ta, ìwé ńlá méjì àti áyọ́ọ̀nù kúrò. Báàgì ọwọ́ mi jẹ́ 6.7, gbogbo ìwé mi wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan tí n kò ní gbé kalẹ̀, oògùn mi sì wà ní àpò iwájú rẹ̀. Mo bá ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, wọ́n sì sún bàálù kejì mi síwájú. Wákàtí mẹ́rin ni mo ní ní Toronto báyìí. Síìmù mi ti ṣí, owó sì ti wà lórí rẹ̀.

Ìyá mi bínú díẹ̀ nítorí pọ̀nmọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó ti ẹ̀lúbọ́ náà, wọ́n fi ìgò yí i pẹlẹbẹ lórí tábìlì, ọ̀rá kan tẹ̀lé èkejì. Mo kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gba máákà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ti Yorùbá sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, kí n má baà gbàgbé, wọ́n ní. Oògùn oṣù mẹ́ta ti wà nílẹ̀, ìyàwó ilé kejì ló sì gbà láti máa bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n fẹ́ bá mi dé pápákọ̀. Bàbá Ọlọ́kọ̀, ǹjẹ́ àyè wà, kí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú?

Bàbá Ọlọ́kọ̀, Ìwó Road:

Ìjókòó iwájú ni ti màmá. Bí a bá jáde ní aago mẹ́sàn-án, a máa dé Ìkẹjà kí ọ̀sán tó pọ́n ju, wọ́n á jókòó tì ọ́ títí di aago mẹ́ta, èmi yóò sì gbé wọn dé Òkè-Àdó nígbà tí ojú ṣì ń ríran. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú oògùn ọ̀sán wọn dání. Àpótí tí epo wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde, kí n lè gbé e dúró dáadáa nínú búùtù.